Ọdún Tí Gbogbo Ẹ̀ṣẹ̀ Ilé Jẹ́ Tèmi

Ìyá mi kì í pè wá jí láàárọ̀. Omi ògì ló ń jí wa. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà tán ni a ó ti máa gbọ́ ọ láti orí ẹní: omi tó ń kán láti inú asẹ́ sínú ìkòkò, tó, tó, tó, àti ọwọ́ rẹ̀ tó ń po ọkà bàbà lílọ̀ mọ́ omi. Asẹ́ rẹ̀ kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́ kan ni, ó fi okùn dè é mọ́ ẹnu ìkòkò, ọkà bàbà sì ti sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú. Bí èèrí bá kún inú rẹ̀, á wú, á wúwo, á sì sọ̀ wọnú ìkòkò. Ó máa ń wu àwa ọmọdé láti fún un, nítorí ọwọ́ ọmọdé kì í sinmi, ṣùgbọ́n ìyá mi á ti pariwo mọ́ wa pé, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o! Asẹ́ tó bá ya kò ṣeé rán." Lẹ́yìn náà ni yóò da èèrí sílẹ̀ fún àwọn àgùntàn Bàbá Alájì, tí wọ́n á ti tò síbẹ̀ bí oníbàárà. Mo ti dàgbà báyìí. Tánkẹ̀ ni mò ń gbé, ariwo kẹ̀kẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń jí mi, àmọ́ bí ẹ̀rọ omi bá ń kán nínú ilé ìdáná mi, n kì í tètè dìde lọ tì í. Mo máa ń fẹ́ gbọ́ ọ díẹ̀ sí i.

Àárín ìlú ni agbo ilé wa wà, kò jìnnà sí Ọjà-Ọba. Bàbá Alájì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni olórí ilé, nítorí pé iṣẹ́ ìjọba gbé bàbá mi lọ sí Kàdúná, bí àlejò ló sì ń wálé. Ìyá Àgbà, tó bí àwọn méjèèjì, kì í kúrò lórí awọ àgbò rẹ̀ lẹ́bàá ògiri, tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ojú lára gbogbo wa. Àwa ọmọ pọ̀ bí eṣú. Ẹni tó súnmọ́ mi jù nínú wọn ni Sùlé, ọmọ Bàbá Alájì, tó fi díẹ̀ jù mí lọ, tí kò sì sí ohun tí ọmọ ènìyàn lè fọ́ tí kò tíì fọ́ rí. Pàṣán kan wà tó rọ̀ mọ́ ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀. Lójoojúmọ́, tí wọ́n bá ti kírun àlàásárì tán, Bàbá Alájì á jókòó síbẹ̀, á sì dá ẹjọ́ ọjọ́ náà. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé òun. Ẹni tó bá jẹ̀bi á gba tirẹ̀, á sunkún díẹ̀, á sì lọ jẹun. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn, kò sì sí ẹni tó rò pé ó burú.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín iwájú ni. Ibà mọ ọ̀nà ilé wa dáadáa. Lẹ́yìn ilé ni kòtò kan wà tí àwọn tó kọ́ ilé nígbà ìwáṣẹ̀ ti gbẹ́ amọ̀, tí òjò bá sì rọ̀, á di odò àwọn ẹ̀fọn. Ibà á kọlu ọmọ yìí lónìí, á kọlu tọ̀hún lọ́la, wọ́n á mu àgbo, wọ́n á làágùn, wọ́n á sì dìde. Tèmi nìkan ni kì í lọ tán. Bó bá lọ, á tún padà bí ẹni gbàgbé fìlà. Mo wá gbẹ, ojú mi funfun, ṣùgbọ́n ikùn mi ń tóbi sí i. Àwọn ọmọ ilé sọ mí ní Oníkùn. Wọ́n ní jíjẹun ni mo ń jẹun kiri, bẹ́ẹ̀ màsà onírẹsì kan ṣoṣo kì í tán lọ́wọ́ mi. Ìyá Àgbà nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ. Ó fi ọwọ́ wá abẹ́ ìhà òsì mi, ó bá nǹkan tó le níbẹ̀, ó mi orí, ó ní, "Ibà ti yé ẹyin síbí. Bí a ò bá fọ́ ẹyin yìí, kò ní í jẹ́ kọ́mọ yìí ó gbádùn." Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti kírun tán láàárọ̀, á yọ́ òrí lórí iná, á na mí sílẹ̀ sórí awọ àgbò, á sì máa fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀. Ó ń dùn mí, mo ń sunkún, òun náà á máa sunkún, á sì máa tẹ̀. Ìfẹ́ ló ń bá a ṣe é. Bí mo bá rántí rẹ̀ nísinsìnyí, ara mi máa ń bù máṣọ.

Ibà kan dé tí òrí kò ran, tí àgbo kò ran. Mi ò lè gbé orí dúró mọ́. Ìyá mi pọ̀n mí, ó sáré jáde, Ìyá Àgbà ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, wọ́n sì gbé mi dé ọsibítù. Obìnrin ni dókítà tó rí mi, ìhà Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n ti wá, ohùn wọn sì tutù. Wọ́n ṣí aṣọ mi, wọ́n rí ibi tí òrí ti ń dán ní ìhà òsì, wọ́n sì gbé ọwọ́ wọn lé e jẹ́jẹ́.

"Màmá, ta ló ń fi òrí wọ́ ọmọ yìí níkùn?"

Ìyá Àgbà na àyà jáde. "Èmi ni. Ẹyin ibà ló wà níbẹ̀. Mo fẹ́ fọ́ ọ ni."

Dókítà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, bóyá nítorí mi, bóyá nítorí ọjọ́ orí Ìyá Àgbà. "Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ̀yà ara ọmọ yín ni." Wọ́n wá yíjú sí ìyá mi, wọ́n bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ìyá mi ní ògì ni òun ń ṣe.

"Ó dáa. Kí lẹ fi ń sẹ́ ẹ?"

"Asẹ́ ni, Dókítà. Aṣọ."

"Tí èèrí bá kún inú asẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Á wú. Á wúwo."

"Tí ẹnì kan bá wá fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀?"

Mo rí ìyá mi tí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Dókítà wá ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹ̀fọn ló ń gbé kòkòrò ibà sínú ẹ̀jẹ̀, kòkòrò náà á wọ inú hóró ẹ̀jẹ̀, á sì bà á jẹ́. Ọlọ inú ni asẹ́ tí Ọlọ́run fi sí wa lára. Ẹran pupa pẹlẹbẹ tí a máa ń rí nínú àgbò Iléyá ni, tó fara ti àpòlùkù. Òun ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tó ń mú hóró tó ti bàjẹ́ kúrò pẹ̀lú kòkòrò inú rẹ̀. Bí ibà bá dé lẹ́ẹ̀kan, á ṣiṣẹ́ rẹ̀, á sinmi. Ṣùgbọ́n ibà tí kò jẹ́ kó sinmi á mú kó wú, kó jáde kúrò lábẹ́ ìhà tó ń bò ó, nígbà tó bá sì ti wú bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀jẹ̀ tó dára mì pọ̀ mọ́ èyí tó bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí ojú mi fi funfun. "Ọ̀tá kọ́ ló wà níbẹ̀, Màmá," ni wọ́n sọ fún Ìyá Àgbà. "Òun ló ń bá ibà jà fún yín. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni." Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ mí níkùn mọ́, kí n má jà, kí n má gun igi, kí wọ́n má na mí, kí wọ́n má fi ọ̀já dì mí pinpin. Bí ó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú, kí a sì tó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ... Wọn ò parí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n parí ẹ̀.

Wọ́n tọ́jú ibà náà, wọ́n sì fún wa ní oògùn oníkóró kan tí mo gbọ́dọ̀ máa lò ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ibà má baà tún kọlù mí, kí asẹ́ inú lè ráyè sinmi. Dókítà ní ọjọ́ Sọ́ńdè ni kí n máa lò ó. Ìyá Àgbà fọwọ́ sí i níwájú wọn, ṣùgbọ́n bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù ló ní, "Jímọ̀ ni. Ilé ta ni wọ́n ti ń lo oògùn ní Sọ́ńdè?" Jímọ̀ náà ló jẹ́ títí ọdún fi yí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a dé, Bàbá Alájì pe gbogbo ilé jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo Àwáwù dáadáa. Láti òní lọ, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi ló fọwọ́ kàn. Ẹ ò gbọdọ̀ tì í, ẹ ò gbọdọ̀ bá a jà, kò sí pàṣán, kò sí ìgbátí." Gbogbo ojú sì yí sí mi bí ẹni pé wọ́n gbé fìlà oyè lé mi lórí. Inú mi dùn ní ọjọ́ náà. Ó kù díẹ̀ kí n tó mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ìyá mi ká ọ̀já rẹ̀, ó fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń gbọ̀n, inú àyà rẹ̀ ni mo máa ń kó sí, á sì fún mi mọ́ra títí eyín mi á fi dákẹ́. Ní báyìí, á dúró sí ìwọ̀n apá kan, á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi bí ẹni ń yẹ bóyá omi ti gbóná. Wọ́n ra nẹ́ẹ̀tì, èmi nìkan ló ń sùn sínú rẹ̀. Mo máa ń wo ìyá mi àti àbúrò mi láti inú nẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe sùn mọ́ ara wọn. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Àárò rẹ̀ ló ń sọ mí, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú mi níbẹ̀.

Ìyá Àgbà ló yà mí lẹ́nu jù. Mo rò pé yóò ṣe ìgbéraga, kó ní dókítà kan kò lè kọ́ òun ní ìtọ́jú ọmọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó da òrí náà fún àwọn aládùúgbò. Dókítà ti kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi ìka wọn ibi tí ọlọ inú dé, kó gbé e lé e lásán, kó má tẹ̀ ẹ́. Ní gbogbo Jímọ̀, kí n tó lo oògùn, á na mí sílẹ̀, á ṣe bísímílà, á sì to ìka rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ egungun ìhà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀ kan kò tó o. Á wo ojú ìyá mi, á ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀." Ìyá mi á padà sídìí asẹ́. Kò fún asẹ́ kankan lójú mi ní ọdún náà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gbé e sókè kí omi rẹ̀ kán tán fúnra rẹ̀.

Bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe di tèmi nìyí. Sùlé ló fọ́ àmù. Àmù ńlá, ti Ìyá Àgbà, èyí tí omi rẹ̀ máa ń tutù nígbà ọ̀dá. Ní àlàásárì, Bàbá Alájì jókòó, ó ní, "Ta ló fọ́ àmù?" Mo wo Sùlé, ojú rẹ̀ kò kúrò lára pàṣán. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Èmi ni." Bàbá Alájì na ọwọ́ sí pàṣán, ó mú un, ó wò ó, ó wò mí, ó sì fi í kọ́ padà. Ó ní kí a lọ jẹun. Sùlé tẹ̀ lé mi títí dé ẹ̀yìn ilé, ó gbé kúlíkúlí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Múnírátù, ọmọ ilé wa mìíràn, wá bá mi pé òun ló jẹ́ kí àgùntàn wọ inú ògì. Lọ́jọ́ kẹta, kò sí ẹni tó tún ń bẹ̀ mí mọ́, wọ́n kàn ń wò mí ni. Gbogbo ohun tó fọ́, tó sọnù, tó dà, tó jó, èmi ni. Mo jẹ ẹja tí n kò rí lójú. Mo gun igi máńgòrò tí mi ò lè dé ìdí rẹ̀. Mo lọ gbá bọ́ọ̀lù nígbà tó yẹ kí n wà ní ilé kéwú, bẹ́ẹ̀ inú ilé kéwú gan-an ni mo jókòó sí. "Àwáwù," ni Bàbá Alájì máa ń wí, ojú rẹ̀ le, "ìwọ náà ni?" "Èmi ni, Bàbá." "Ọlọ́run á yí ọ lọ́kàn padà." Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ó mọ̀. Ọkùnrin tó ń mọ àgùntàn rẹ̀ láti ara ikọ́ tó bá wú kò lè ṣaláì mọ ohùn irọ́ ọmọ rẹ̀. Bóyá pàṣán ti sú òun náà. Ìyá Àgbà nìkan ló sọ ọ́ síta, láti orí awọ rẹ̀: "Ẹ máa ṣe é o. Ibi tí kò sí pàṣán ni ẹ̀ṣẹ̀ ń sá lọ." Àwa rẹ́rìn-ín. Mo ti di pàtàkì. Mo rò pé ìfẹ́ nìyẹn, bóyá ó sì wà níbẹ̀.

Ní àárín òjò ọdún náà, àna áfáà tó ń kọ́ wa ní kéwú kú, áfáà sì lọ sí òkú rẹ̀ ní abúlé. Áfáà mìíràn wá di ipò rẹ̀ mú fún wa, àlejò ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rù òun. Kò sí ẹni tó rántí láti sọ ọ̀rọ̀ mi fún un. Ó ń kọ tírà kan fún ẹnì kan, ó gbé e sílẹ̀, ó jáde lọ ṣe àlùwàlá. Nígbà tó padà dé, tàdáà tó fi ń kọ ọ́ ti dà sórí ìwé náà, gbogbo rẹ̀ ti dúdú. Ó ní, "Ta ló da tàdáà yìí?" Kò sí ẹni tó pète rẹ̀. Àṣà ni. Gbogbo ojú yí sí mi, ẹnu mi sì ti sọ ọ́ kí ọkàn mi tó dé ibẹ̀: "Èmi ni."

Ó mú pàṣán. Ó ní kí n bọ́ síwájú. Ìgbà náà ni mo rántí ọ̀rọ̀ tí dókítà kò parí. Mo fẹ̀yìn rìn títí mo fi kan ògiri, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ìhà òsì mi. Áfáà rò pé agídí ni, ó gbé ọwọ́ sókè. Sùlé fò láti ìdí wàláà tó fi ń kọ kéwú, ó ké pé, "Irọ́ ló ń pa! Èmi ni mo dà á!" Áfáà kò gbọ́, tàbí kò gbà. Sùlé bá sáré dé iwájú mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, ó sì fi mí sáàárín. Mo ń gbọ́ bí pàṣán ṣe ń bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé, bó ṣe ń jẹ̀rora tó, ó fa ikùn rẹ̀ sẹ́yìn, kí ara rẹ̀ má baà kan tèmi. Omijé rẹ̀ ń kán sí mi lórí. Nígbà náà ni Múnírátù dìde, ó ní òun ló dà á. Ẹlòmíràn ní òun ni. Gbogbo ilé kéwú dìde, wọ́n ń ké, "Èmi ni! Áfáà, èmi ni!" Àlejò náà dúró láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì wálẹ̀.

Ìyá Àgbà ti gbọ́ ariwo. Mi ò rí i kó sáré rí, àfi ọjọ́ ọsibítù àti ọjọ́ yẹn. Kò bá áfáà jà. Ó mú ọwọ́ mi kúrò lára ìhà mi, ó to ìka sí i, ó sì mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún áfáà ohun tó wà lábẹ́ aṣọ mi àti ohun tí pàṣán kan lè fi ṣe. Ọkùnrin náà jókòó sórí ilẹ̀, ó ń wí pé "Àsítàgafúrúláì," títí tí àánú rẹ̀ fi ṣe wá. Ní àlàásárì ọjọ́ náà, Bàbá Alájì fúnra rẹ̀ ló fi òrí ra ẹ̀yìn Sùlé, jẹ́jẹ́, níwájú gbogbo wa. Ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. A fẹ́ẹ̀ fi àánú pa ọmọ. Oníkálukú á máa ru ẹrù ara rẹ̀." Láti ìgbà náà, bó bá bèèrè, ẹni tó ṣe é ló ń dáhùn, ó sì yani lẹ́nu bí nǹkan ṣe dín kù láti fọ́ nínú ilé wa.

Òjò dá, ọyẹ́ dé, kòtò ẹ̀yìn ilé gbẹ. Bàbá Alájì sì ní kí wọ́n dí i pa kí òjò mìíràn tó dé. Ibà kò padà. Ìka Ìyá Àgbà ń dín kù: ó di mẹ́ta, ó di méjì, ó di ọ̀kan. Mo ń jẹ màsà tán. Jímọ̀ kan ni ó wá a, tí kò rí i. Ó ní kí n mí sínú, kò rí i. Ó ní kí n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò rí i. Ó ní ọwọ́ òun ti darúgbó, wọ́n sì mú mi lọ bá dókítà. Dókítà fọwọ́ wá a, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó ti wọlé sábẹ́ ìhà rẹ̀, Màmá. Ó ti lọ sinmi."

Lóṣù tó kọjá, ibà mú ọmọ ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní orí ìka rẹ̀, kò pẹ́ rárá tó fi mọ̀ pé ibà ni, ó fún wa ní oògùn, a sì lọ sílé. N kì í na ọmọ. Àwọn ọmọ mi rò pé ìwé tí mo kà ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Kí a tó kúrò níbẹ̀, mo bẹ nọ́ọ̀sì pé kó bá mi fọwọ́ wo ìhà òsì rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni wo ìyá arúgbó tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó fọwọ́ wò ó, ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo ní, "Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni."

Nítorí mo ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu dókítà, mo sì rántí ohun tó tẹ̀ lé e. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, wàrà tí ìyá mi rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, tó fi pamọ́ sínú abọ́ fún ọbẹ̀ alẹ́, kò pé mọ́. Ó jáde sí àgbàlá pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. "Ta ló jẹ wàrà mi?" Kò sí ẹni tó wò mí. Láti ọjọ́ áfáà àlejò ni wọ́n ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní tòótọ́, èmi ni. Mo ní, "Èmi ni, Ìyá mi." Sùlé ti ń dìde láti sọ pé òun ni, Bàbá Alájì fa aṣọ rẹ̀, ó jókòó. Ìyá mi yọ igi ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo. Ó wá síwájú mi, ó sì fi nà mí lẹ́sẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni lé eṣinṣin. Kò dùn mí rárá. Ìyá Àgbà ní, "Àlìhámúdùlílàhì." Igi ìgbálẹ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi, ó kúnlẹ̀ sínú èèrí, ó fi oríkì pè mí, "Àníkẹ́, Àníkẹ́ mi," ó sì fà mí mọ́ra, ó fún mi mọ́ àyà rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára tó fi ń sẹ́ ògì, ó ń fún mi, ó ń fún mi, kò sì sí ẹni tó ní kó ṣe pẹ̀lẹ́.